Kí Lẹ Ń Sọ fún Ara Yín Nígbà Tó Bá Rẹ̀ Yín?

Lọ́dún 2010, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Samuele Marcora àti Walter Staiano, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó yẹ kó dé etí gbogbo ẹni tó ti fi "ó ti rẹ̀ mí" jókòó sílé. Ọkùnrin 10 tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù rugby ni wọ́n kó jọ. Wọ́n gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á ní ìwọ̀n agbára wáàtì 242, kí wọ́n má sì dúró títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi kọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi wà á kí kálukú tó ní ó tán, òun ò lè ṣe é mọ́. Àwọn olùwádìí ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi gbogbo agbára tó bá ṣẹ́ kù lára wọn wa kẹ̀kẹ́ náà fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré. Ẹsẹ̀ tó ní òun ò lè mú wáàtì 242 wá mọ́ yìí kan náà ló mú nǹkan bí wáàtì 731 jáde, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó lé e sọ̀kalẹ̀.

Wọn ò purọ́ o. Ó rẹ̀ wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára ò tíì tán nínú iṣan wọn nígbà tí wọ́n dúró. Ohun tó tán ni ìfaradà: iṣẹ́ náà ti wúwo lára wọn ju ohun tí wọ́n ṣetán láti gbà mọ́ra lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá Marcora jiyàn, wọ́n ní agbára tí èèyàn ń tú jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún yàtọ̀ sí èyí tó ń lò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ibi tí ìwádìí náà nawọ́ sí ò yẹ̀: kí ara tó dé òpin agbára rẹ̀, ọkàn lè ti pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn ló ń ṣe ìpinnu yẹn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún un ní wákàtí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Ohùn tí kì í dákẹ́

Kò sẹ́ni tó ń dákẹ́ nínú ara rẹ̀. Aago á dún ní aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, ohùn kan á ti dá a lóhùn kí ọwọ́ tó kàn án: "Òtútù ti mú jù." "Ó di ọ̀la." "Àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni mò ń sá kiri fún?" Obìnrin tó sanra á wọ aṣọ ìdárayá, á dé ẹnu géètì, ohùn náà á ní: "Gbogbo àdúgbò ló máa wò ọ́." Ẹni tí kò rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì á fẹ́ padà sẹ́nu rẹ̀, ohùn náà á ní: "Ṣebí bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn, o kì í parí nǹkan." Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wa lójú, a ó bínú, a ó sì wí tẹnu wa. Nítorí pé inú ara wa ló ti wá, ńṣe la máa ń gbà fún un, a ó bọ́ bàtà, a ó padà sórí ibùsùn.

Ọ̀ràn yìí kọjá ọ̀ràn ẹwà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, kó sì máa ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 yìí ò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Síbẹ̀, ní 2022, nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ayé ni kò dé ìwọ̀n yẹn, iye wọn sì tó bílíọ̀nù 1.8. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń rí ọ̀nà wọlé tọ ẹni tó bá jókòó pẹ́. Ìdí tí èèyàn kì í fi í rìn pọ̀: iṣẹ́ ò jẹ́, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti jẹ gbogbo àsìkò tán, kò sí àyè. Nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, èyí tó wà níkàáwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ jù ni ohùn inú yìí. Òun ni mo fẹ́ ká jọ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì tí ọ̀rọ̀ fi lé e

Lọ́dún 2014, Anthony Blanchfield, Marcora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ọ̀rọ̀ lásán lé òṣùwọ̀n. Èèyàn 24 ló wa kẹ̀kẹ́ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, títí tó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pín wọn sọ́nà méjì. Wọ́n kọ́ apá kan bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gba ara rẹ̀ níyànjú: kálukú yan gbólóhùn kéékèèké tó bá a lára mu, ó sì ń lò ó nígbà tó bá ń ṣe eré ìdárayá tirẹ̀. Wọn ò kọ́ apá kejì ní ohunkóhun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo wọn padà sórí kẹ̀kẹ́. Apá tó kọ́ ọ̀rọ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú-àáyá 637, ó bọ́ sí 751. Ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lé e. Apá kejì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé wọ́n kàn ń fi eyín ṣán ètè, tí wọ́n ń fara da ìyà ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Òṣùwọ̀n kan wà tí Gunnar Borg, onímọ̀ ará Sweden, ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20. Èèyàn máa ń fi ṣàlàyé bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe wúwo lára rẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n dé agbede méjì, nọ́ńbà tí àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ mú kéré sí èyí tí wọ́n mú nígbà àkọ́kọ́. Kẹ̀kẹ́ ò fúyẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ò sì fi ọ̀sẹ̀ méjì di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lára wọn ló yí padà.

Ìwádìí mìíràn tún wà tó kan àwa tá à ń gbé lábẹ́ oòrùn. Ní Brock University ní Kánádà, lọ́dún 2017, wọ́n gbé àwọn awakẹ̀kẹ́ 18 sínú yàrá tí ooru rẹ̀ tó 35°C. Àwọn tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ bí wọn yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ooru kúrò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wọ́n tó dúró. Àwọn tí wọn ò kọ́ ò rí irú àfikún bẹ́ẹ̀.

Ohun kan so ìwádìí méjèèjì pọ̀ tí kò yẹ kó bọ́ sọnù: ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ ìyànjú lójú ibi iṣẹ́ kí wọ́n ní kó máa wí i. Wọ́n fi kọ́ra ni, bí a ṣe ń fi ìrìn kọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí Antonis Hatzigeorgiadis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Thessaly ní ilẹ̀ Gíríìsì kó ìwádìí 32 lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ ní 2011, ibi tí wọ́n já sí náà nìyẹn. Bíbá ara ẹni sọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù fún àwọn tó fi kọ́ra ṣáájú. Wọ́n tún rí i pé ó wúlò fún iṣẹ́ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ju èyí tó ti mọ́ni lára lọ. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà ìrìn.

Ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ni sọ́nà, ọ̀rọ̀ tó ń gbéni ró

Oríṣi méjì ni ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ nídìí eré ìdárayá, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Èkíní ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe é: "Tú èjìká sílẹ̀." "Mí sínú, mí síta." "Gbé orúnkún." "Tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀." Èkejì ń gbé ọkàn ró: "O lè ṣe é." "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán." "Má dúró." Níbi iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ àti ọnà, bí kéèyàn kọ́ bí a ṣe ń gbé irin láìfi ẹ̀yìn ṣèṣe, ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà ló dára jù. Níbi iṣẹ́ tó gba ìfaradà, bí ìrìn gígùn àti eré sísá, ọ̀rọ̀ ìmóríyá ní ipò tirẹ̀.

Ẹni tó ń gun Òkè Ìdànrè nílò méjèèjì. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Bí èèyàn bá dúró nísàlẹ̀, tó gbójú sókè wo gbogbo rẹ̀, ohùn inú kò ní í pẹ́ sọ pé "Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ tó máa gbé e gòkè ni èyí tó gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́: "Dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́." Bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: "Di irin àtẹ̀gùn mú, gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀." Bó bá dé ibi ìsinmi: "O ti dé ọ̀kan. Mu omi. Òmíràn ló kàn." Kò sí ìkankan nínú gbólóhùn wọ̀nyí tó jẹ́ àsọdùn, gbogbo wọn ló sì fún ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè ṣe lójú ẹsẹ̀.

Pe ara rẹ lórúkọ

Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fi hàn ní 2014 pé nígbà tí nǹkan bá ń kó ìdààmú bá èèyàn, ó sàn kó pe ara rẹ̀ lórúkọ tàbí kó pe ara rẹ̀ ní "ìwọ" ju kó máa wí "èmi, èmi" lọ. Ọkàn á balẹ̀, èèyàn á sì rí ọ̀ràn ara rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀rẹ́ nímọ̀ràn. Lọ́dún 2019, James Hardy, Aled Thomas àti Blanchfield gbé èrò yìí lọ sórí kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin 16 ló wa ìrìn kìlómítà 10. Nígbà tí wọ́n fi "ìwọ" bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n yára ju ìgbà tí wọ́n fi "èmi" sọ ọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ kò sì wúwo lára wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé Yorùbá ò ṣàjèjì sí èyí rárá. Ìyá tó fẹ́ kí ọmọ dìde kì í wulẹ̀ ní "dìde". Á ní "Àkànní!", á to oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lé e, orí ọmọ á wú, ẹsẹ̀ á sì ta kìtì. Níbi ìjàkadì, onílù máa ń fi ìlù pe oníjàkadì lórúkọ, á rán an létí ọmọ ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa kan ilẹ̀. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń fọwọ́ kan orí rẹ̀ láàárọ̀, á bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ka Sáàmù mọ̀ pé onísáàmù máa ń yíjú sí ọkàn ara rẹ̀, á pè é ní ìwọ, á bi í léèrè ohun tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni pé èèyàn nílò ẹni tí yóò pè é nígbà tí iṣẹ́ bá le.

Ẹni tó ń dá rìn ní ìdájí ní Bódìjà tàbí ní Peckham kò ní onílù lẹ́yìn. Ìyá tó ń kì í lè ti sùn, ó sì lè ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò pe ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú lè kọ́kọ́ tini. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ láìgbóhùn sókè: "Àbẹ̀kẹ́, o ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibí lo ti padà. Lọ dé ilé epo." Orúkọ tí ìyá yín fi ń pè yín ní agbára lórí yín tí gbólóhùn tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá nínú fídíò ò lè ní. Ẹ lò ó.

Ọ̀rọ̀ rere gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n rò pé sísọ ọ̀rọ̀ rere sí ara ẹni túmọ̀ sí pípa irọ́ ńlá. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń tán lẹ́yìn ogún ìṣísẹ̀ á ní "Kìnnìún ni mí! Kò sóhun tó lè dá mi dúró!" Ọkàn rẹ̀ á sì dá a lóhùn kíá pé irọ́ ló ń pa. Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà ti fi èyí hàn ní 2009. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa tún un wí fún ara wọn pé àwọn jẹ́ ẹni tó yẹ ní fífẹ́. Àwọn tó ti níyì lójú ara wọn tẹ́lẹ̀ rí ìtura díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí kò níyì lójú ara wọn, àwọn gan-an tí à ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà wà fún, ńṣe ni inú wọn tún bàjẹ́ sí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kúrò nínú èébú kẹ́ ẹ bọ́ sínú ìfọ́nnu. Ẹ wá òtítọ́ tó lè gbé ẹsẹ̀, ẹ sì sọ ọ́. "Ọ̀lẹ ni ọ́" jẹ́ ìdájọ́ lórí gbogbo ayé èèyàn. "O ò rìn lánàá, ṣùgbọ́n o ti wọ bàtà lónìí" jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. "O ò lè sáré yí pápá yìí po" ti ilẹ̀kùn. "O ò tíì lè sáré yí i po. Sáré dé ìdajì, rin ìdajì" ṣí i. Bí itan bá ń ro wá, tí kì í ṣe pé a ṣèṣe, "Mo ń kú lọ" á mú wa jókòó. "Iṣan ló ń ṣiṣẹ́. Dín ìṣísẹ̀ kù, mí dáadáa" á jẹ́ ká parí ohun tá a bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, "Gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́" á sọ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́ta. "Ọ̀sẹ̀ kan ló lọ. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ lónìí" á dá a dúró níbẹ̀.

Mo gbà tọkàntọkàn pé èébú kì í mú èèyàn rìn jìnnà. Ó lè lé ni jáde nílé lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ méjì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí a bá ti fẹ́ dárayá la máa ń gbọ́ pé a sanra, a rí jákujàku, a ti darúgbó, kò ní í pẹ́ tí ọkàn yóò fi máa sá fún eré ìdárayá fúnra rẹ̀. Ta ló máa ń fẹ́ padà síbi tí wọ́n ti ń bú u?

Ohun tí Tobi Amusan kọ sílẹ̀

Tobi Amusan, eléré orí pápá tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, ti kọ ọ́ sórí ìkànnì ayélujára rẹ̀ lọ́dún mélòó kan kí ayé tó mọ̀ ọ́n: pé wọn ò tíì mọ òun, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní í lè gbàgbé òun, òun ò sì ní í dẹwọ́ títí òun yóò fi ṣàṣeyọrí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sáré 100 mítà onífífò ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, kò sì sí obìnrin tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kan náà ló gba wúrà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọba eré orí pápá lágbàáyé.

Inú wa máa ń dùn láti sọ ìtàn yẹn bíi pé ọ̀rọ̀ náà ló di wúrà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà láàárín. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Doha ní 2019, ipò kẹrin ló ṣe. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, ipò kẹrin náà ló ṣe. Ẹni tó bá ti sáré dé ipò kẹrin lẹ́ẹ̀mejì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àsọtẹ́lẹ̀ àti iṣẹ́. Kò sọ pé òun ti jẹ́ ẹni ńlá; ó gbà pé wọn ò mọ òun. Ó wá sọ ohun tí òun yóò máa ṣe, ìyẹn ni pé òun ò ní í dẹwọ́. Òtítọ́ lórí ìsinsìnyí àti ìlérí lórí iṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè gbé e kọjá ipò kẹrin méjì láìfọ́.

Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ mọ

Ọ̀rọ̀ kì í ṣe oògùn gbogbonìṣe. Alister McCormick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìmóríyá kọ́ àwọn tó fẹ́ sá eré máìlì 60, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ọ̀rọ̀ náà ò mú wọn yára ju àwọn tí wọn ò kọ́ lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ó ran àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń lò ó lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ìwádìí lè má rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lójú títì.

Ọ̀rọ̀ ò sì gbọdọ̀ bo ohùn àìsàn mọ́lẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tó ń fún mọ́ yín, bí ojú bá ń ṣú, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èémí bá kọ̀ láti padà sípò, bí orí bá ń dàrú nínú ooru, ẹ dúró. "O lè ṣe é" kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó kàn nígbà náà. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni "Jókòó, ké sí èèyàn." Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn ọkàn, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ eré tó le. Ìyá tó fi ọjọ́ kan gbáko ru ẹrù lọ́jà náà ti lo ara rẹ̀; iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà mọ́ ìdárayá. Bí ara rẹ̀ bá ní kó sinmi, òtítọ́ ni ara ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ò lè la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Obìnrin tí kò jáde nítorí pé òkùnkùn bo àdúgbò, tí ọlọ́kadà ń gba orí gọ́tà kọjá, kì í ṣe ìyànjú ló ń wá. Iná ojú pópó àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà ló ń wá, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀bi yẹn lé e lórí.

Bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí ẹ bá ti fẹ́ jáde lọ dárayá tàbí tí ẹ bá ti fẹ́ dúró láàárín ọ̀nà, ẹ kọ gbólóhùn tó wá sí yín lọ́kàn sórí fóònù yín bó ṣe wá gan-an. Yóò yà yín lẹ́nu bí kò ṣe ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ tó ń pààrọ̀ ara wọn.

Ẹ wá kọ èsì sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kó kúrú, kó jẹ́ òtítọ́, kó pè yín ní "ìwọ" tàbí lórúkọ, kó sì ní ohun kan tí ẹsẹ̀ yóò ṣe. Ẹ ní ti ìgbà jíjí, ti ìbẹ̀rẹ̀, ti agbede méjì tó máa ń le jù, àti ti òpin. Ẹ fi kọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí eré náà ṣì rọrùn, kó lè wá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá le.

Ẹ so ó mọ́ àsìkò àti ibì kan. Nínú ìwádìí kan tí Sarah Milne, Sheina Orbell àti Paschal Sheeran tẹ̀ jáde ní 2002, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí wọn yóò ti dárayá sílẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí wọ́n kàn kọ́ ní àǹfààní eré ìdárayá láìjẹ́ kí wọ́n kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ò tó ìdá 40. Ẹ̀kọ́ ńlá ni: ìyànjú tí kò ní àsìkò ò tẹ̀ síwájú. Torí náà, ẹ má ṣe sọ pé "Màá máa rìn." Ẹ sọ pé "Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán ní ọjọ́ Mọ́ńdè, màá wọ bàtà, màá rìn dé ìkóríta, màá padà." Ẹni tó jẹ́ pé àdúrà ìdílé ló ń ṣe, kó so ó mọ́ ti ìdílé.

Bí ẹ bá parí, ẹ kí ara yín. "O ṣeun, Àjàní. O sọ pé o máa rìn, o sì rìn." Ọkàn lè rántí ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì.

Ẹnu wa àti àwọn ọmọ

Lev Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, ṣàkíyèsí pé ọmọdé máa ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè nígbà tó bá ń ṣe ohun tó le. Bó ṣe ń dàgbà, ọ̀rọ̀ náà á máa rọlẹ̀, á wọ inú lọ, á di èrò. Lójú tirẹ̀, ohun tí ọmọ bá àwọn àgbà sọ ló ń di ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ tó sanra wá kẹ́yìn, a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, a bi í bóyá ó fẹ́ di ọkùnrin ni. Ọmọ ṣubú, kóòṣì ní kò wúlò. A rò pé à ń fi le e lára ni, bẹ́ẹ̀ ohùn tí yóò máa bá a jí la ń tò sí i nínú. Tíṣà tó bá ní "Lánàá, ìdí igi kejì lo ti dúró, òní o dé ìkẹta, tú èjìká sílẹ̀, tún sá a" ti fún ọmọ yẹn ní òtítọ́, ìtọ́sọ́nà àti ìmóríyá nínú gbólóhùn kan. Kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ọmọ náà yóò pé ẹni ogójì ọdún. Dókítà yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò ní kó máa rìn. Ohun tó máa sọ fún ara rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹnu wa ló ti ń gbọ́ ọ lónìí. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó máa gbé e dìde.